Tábìlì Ìgéṣọ Yín Tí Gbogbo Òwu Ń Yá

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ̀ bóyá báyìí ni wọ́n ń kí ẹni tó ti lọ, ẹ ṣáà gbà á lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Mo ti ra kọ̀ǹpútà ńlá tí mo máa ń sọ fún yín, èyí tí wọ́n fi ń gbá géèmù. Ẹ má bínú, mo mọ ojú tí ẹ fi ń wò ó. Ẹ máa ń dúró lẹ́yìn mi, téèpù lọ́rùn yín, ẹ óò máa bèèrè pé ta ló ṣẹ ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ yìí tó fi ń yìnbọn látàárọ̀. Ṣé ẹ ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín?

Tábìlì ló kù tó di wàhálà. Sikiríìnì méjì, kíbọ́ọ̀dù, àpótí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún sì tún ráyè fa máòsì káàkiri. Mo fi téèpù yín wọn gbogbo ẹ̀. Mo lọ bá káfíńtà kan ní Aké, ó bi mí bóyá èèyàn mẹ́fà ló fẹ́ jẹun lórí ẹ̀. Èyí tó wá kàn fún mi, ńṣe ni ìgbọ̀nwọ́ mi ń fì dirodiro létí ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń kó wá láti Èkó ní iná aláràbarà lábẹ́, àmọ́ wọn ò fẹ̀ rárá. Mo wá rántí ohun tí ẹ máa ń sọ tí ẹ bá ń gé agbádá, pé tí apá ò bá ráyè, aṣọ ló máa jìyà ẹ̀.

Ni mo bá kó ẹrù mi sórí tábìlì ìgéṣọ yín, èyí tí ẹ bá igi ẹ̀ jókòó nínú lọ́rì láti Papalanto kí wọ́n má bàa pààrọ̀ ẹ̀. Ó gba gbogbo ẹ̀, àyè tún ṣẹ́ kù. Ibi tí máòsì mi bọ́ sí gan-an ni ibi tí ẹ ti máa ń wọn apá mi tí Iléyá bá ti ń bọ̀. Ẹ óò ní kí n fi èjìká ti igun tábìlì, kí n na apá. Ẹ óò fi báírò fa ìlà síbi tí ìka mi dé, ẹ óò ní ó tó, n óò sì gbé apá mi kúrò. Ìlà ọdún tí mo wọ ilé-ìwé wà níbẹ̀. Ti ọdún tí mo ga ju Màámi lọ náà wà níbẹ̀.

Bàbá mi, àwọn ìlà yẹn ń parẹ́, èmi ni mo sì fà á.

Lọ́jọ́ tí ẹ kú, pákó tí wọ́n fi ń wẹ òkú ní mọ́ṣáláṣí ti ṣẹ́. Àwọn àgbà ń wo ara wọn lójú. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo ní tábìlì yín gùn tó. Orí ẹ̀ ni wọ́n ti wẹ̀ yín. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àṣé gbogbo Òwu ti rí i pé ó gùn, pé kì í mì. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n wá yá a nígbà tí bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nísàlẹ̀ ilé wa kú. Láti ìgbà náà, ẹni yòówù kó kú, ilé wa ni wọ́n ń bọ̀.

Mo lè wà láàárín géèmù, kí àwọn tí a jọ ń gbá a máa pariwo sí mi létí, kí n kàn gbọ́ sàláámù lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn yẹn ti yé mi. Màá tú wáyà, màá kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ni kí n sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ mi? Pé wọ́n fẹ́ wẹ òkú lórí tábìlì mi? Wọ́n rò pé iná ló lọ.

Tí wọ́n bá lò ó tán, wọ́n á fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n á gbé e padà, wọ́n á dúpẹ́. Ìmọ́tótó ni, ta ni màá bá jà? Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, ìlà kan á tún ṣá sí i. Mo fẹ́ kọ̀ fún wọn nígbà kan. Àbúrò yín, tó ń ṣe olórí ilé báyìí, ló pè mí jókòó, ó ní gbogbo ẹni tí wọ́n bá wẹ̀ lórí ẹ̀, láádá ẹ̀ ń tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ṣé kí n wá máa dí bàbá mi lọ́nà àlùjánnà nítorí ìlà báírò? Kí ni ẹ̀yin fẹ́? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Mo ti ya fọ́tò ẹ̀ sí fóònù. Fọ́tò ò ṣeé na apá lé.

Àná ni wọ́n tún gbé e dé, láti ilé ìyá arúgbó kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Mo sá a sóòrùn. Nígbà tó gbẹ, kí n tó to kọ̀ǹpútà padà, mo wá ìlà tó kẹ́yìn, ti Iléyá tó ṣáájú ikú yín. Kò sí mọ́. Mo mú báírò. Apá mi ò kúkú gùn sí i mọ́, mo lè fà á fúnra mi, àmọ́ ọwọ́ mi kọ̀, torí kò ní jẹ́ ìlà yín.

Mo kàn fi èjìká ti igun, mo na apá bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ó pẹ́ tí mo fi wà bẹ́ẹ̀, Bàbá mi. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó tó.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ wọn apá rẹ̀ títí ó fi dàgbà.