Ìyá Rẹ Kò Parí Irun Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọmọbìnrin mi àtàtà, ìwọ tí o fi ojú jọ ìyá rẹ, tí o sì fi ẹsẹ̀ gbọọrọ jọ èmi bàbá rẹ,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà, mo sì kí ọ kú gígun àtẹ̀gùn, nítorí o sọ fún wa pé ilé tí ò ń gbé ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sí ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ jókòó káàánú ara rẹ̀ kó tó padà lọ mú un. Ọlọ́run tó ń gbé ọ gòkè lójoojúmọ́ kò ní jẹ́ kí o já bọ́. Iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ọ̀gá rẹ kò ní dédé bínú sí ọ, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní kọ níbi tí wọ́n bá ti ń pín ire. Tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ lo ti ń ka lẹ́tà yìí, rọra ṣe àmín náà sínú, kí wọ́n má baà lé ọ.

Gbogbo wa wà ní àlàáfíà. Èmi ṣì ń la pákó, eyín tó ń ro mí nígbà tí o wá kẹ́yìn ti dákẹ́, ìyá rẹ náà ṣì ń dirun lábẹ́ àtíbàbà tí mo kàn fún un níwájú ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ìyá tí o fi sílẹ̀ kọ́ ni ìyá tí o máa bá. Ìyá rẹ ti di èèyàn ńlá, orí mi sì ń wú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, bí o bá rí i tí ọwọ́ ìkọ̀wé mi tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun ló fà á.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn obìnrin kan ti ìlú ńlá wá sí ilé ìwòsàn wa, wọ́n ní àwọn ń wá obìnrin tó máa bá obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìlera ara wọn, bí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ọ̀rọ̀ oyún, bí ọ̀rọ̀ ọmú, kí wọ́n yéé gbé àìsàn pamọ́ bí ẹni gbé owó pamọ́. Wọ́n bi nọ́ọ̀sì wa pé ta ni kí àwọn mú. Nọ́ọ̀sì yẹn gbọ́n. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, kí wọ́n lọ bá àwọn onídìrí, nítorí kò sí obìnrin kan níhìn-ín tí kì í jókòó sáàárín orúnkún onídìrí, kò sì sí ohun tí obìnrin kì í sọ tó bá ti jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe mú ìyá rẹ ṣe olórí nìyẹn, wọ́n sì kó gbogbo onídìrí àdúgbò wa sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n ya àpótí kékeré kan sí igun rẹ̀ lókè pé kí a lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Mo wo àpótí náà títí. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi wọn nǹkan, mo mọ̀ pé kò lè gba orí ìyá rẹ, ká má tíì sọ èjìká. Mo ní ìwọ̀sí nìyí. Mo wá sọ fọ́tò ńlá tó wà lára ògiri pálọ̀ kalẹ̀, tòun ti férémù tí mo fọwọ́ ara mi kàn, tòun ti gíláàsì, mo fi aṣọ wé e dáadáa, mo sì gbé e fún awakọ̀ pé kó bá wa já a sí ọ́fíìsì wọn. Inú àpótí kékeré yẹn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé fọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì sọ pé wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn, ayọ̀ ni mo kà á sí, torí wọn kò dá a padà, ara ògiri ọ́fíìsì wọn ni wọ́n gbé e kọ́. Tí o bá ń gba ibẹ̀ kọjá, yà kí ìyá rẹ.

Wọ́n ní orí fóònù ni ìpàdé àkọ́kọ́ máa ti wáyé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pé àwọn obìnrin láti ìlú oríṣiríṣi máa wà níbẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ wá, àlejò kì í bá wa lójijì. Mo gbálẹ̀, mo yá àga lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, mo tò wọ́n yí fóònù ká, mo gbé omi tútù sórí tábìlì. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, wọ́n dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú fóònù ni wọ́n dúró sí, ojú wọn tò bí ẹyin nínú kíréètì, kò sì sí èyí tó fẹ́ bọ́ síta. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jáde wá jókòó. Mo ní ilé wọn ni. Ìyá rẹ ní kí n jọ̀ọ́ kí n kúrò lójú fóònù, mo bá lọ jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn kó má baà dà bíi pé a kò rí èrò pè. Ohun gbogbo tí wọ́n kọ́ wọn lọ́jọ́ náà ni mo gbọ́. Èmi káfíńtà yìí, mo lè sọ fún aboyún báyìí pé tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, tí orí ń fọ́ ọ, tí ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ sì ń wú, kó má dúró gba àdúrà nílé, kó máa gba àdúrà náà lọ sílé ìwòsàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fún ìyá rẹ ní ọmú onírọ́bà kan. Má rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi kókó kékeré pamọ́ sínú rẹ̀, kí obìnrin lè fi ìka wá a, kó mọ bí kókó ṣe ń rí lábẹ́ awọ, kó lè lọ yẹ ara tirẹ̀ wò. Èmi ò wá mọ ibi tí mo máa kọjú sí nígbà tí wọ́n bá gbé e sórí tábìlì tí mo ti fẹ́ jẹun. Mo ní bó tilẹ̀ jẹ́ rọ́bà, ọ̀wọ̀ tọ́ sí i. Mo kan àpótí fún un, mo fi aṣọ àrán tẹ́ inú rẹ̀, mo fi àgádágodo sí i, mo sì máa ń kan ìdérí rẹ̀ bí ẹni kan ilẹ̀kùn kí n tó gbé e jáde fún ìyá rẹ.

Ó wá ku ọgbọ́n bí àwọn obìnrin ṣe máa gbọ́. Tí ìyá rẹ bá ti ń dirun, tó wá dárúkọ ilé ìwòsàn, kíá ni wọ́n máa rántí pé àwọn gbé ìkòkò kaná, wọ́n á dìde, wọ́n á ní ọ̀la làwọn ń bọ̀. Ìyá rẹ rò ó títí. Ó wá di pé kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn mọ́ títí yóò fi di apá kan orí tán. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa fi apá kan dídì, apá kan wúruwùru, bọ́ sí títì? Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìjókòó ilé ìwòsàn kò ti gba àwọn obìnrin mọ́, nọ́ọ̀sì sì ti ní kí n bá àwọn kan bẹ́ǹṣì sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ilé wa nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Eléèédú, wá dirun. O mọ̀ wọ́n. Wọ́n lè gbé àpò èédú tí ọkùnrin méjì ń sá fún, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ dókítà, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn wá àìsàn ni. Ìyá rẹ ti dì dé ìdajì nígbà tó tẹ orí wọn sí ẹ̀gbẹ́, ó rí i pé wọ́n fi apá òsì mọ́ra bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Ó bi wọ́n, wọ́n ní àpò èédú ni. Ó rọra ń bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ọmú onírọ́bà. Ìgbà tó yá, wọ́n fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ pé nǹkan kan wà nínú ọmú òsì, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ti mọ̀, òun fúnra rẹ̀ kò dun àwọn, apá ló kàn ń wúwo.

Ìyá rẹ gbé òòyà sílẹ̀. Ó bọ́ síwájú wọn, ó kúnlẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, ó ní: “Ẹ má bínú, ìyá mi. Tí ẹ bá ti dé ilé ìwòsàn, màá parí èyí tó kù.”

Ẹ̀gbọ́n mi fẹjú. Wọ́n ní ìyàwó tí àwọn bá wọn gbé wọlé ló ń fi orí àwọn ṣeré yìí. Ìyá rẹ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n, kò sì fọwọ́ kan irun náà. Wọ́n wé aṣọ lórí, wọ́n lọ bá onídìrí mìíràn. Ìyẹn ṣí aṣọ, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀ tí ọ̀gá àwọn kò fi parí rẹ̀. Ló bá kúnlẹ̀ tirẹ̀ náà. Gbogbo ibi tí wọ́n dé, bákan náà ni. Wọ́n wá gbà á sí ṣọ́ọ̀bù mi, inú ń bí wọn, wọ́n ní kí n lọ pàṣẹ fún ìyàwó mi.

Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n mi ló fi ẹ̀yìn pọ̀n mí. Tí wọ́n bá ní kí n jókòó, mo máa ń jókòó kí n tó wá àga. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣí orí wọn hàn mí, tí mo rí ìdajì yẹn, ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe nítorí irun. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi kú. Mo ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, káfíńtà ni mí. Èmi ò mọ irun dì.”

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí ni. Wọ́n jókòó sórí pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, wọ́n bú sẹ́kún. Mi ò rí ẹkún wọn rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń ba àwọn, pé tí dókítà bá wò ó, á rí nǹkan. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, pé àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe. Mo jókòó tì wọ́n, èmi náà sunkún díẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó sì wọ̀ mí lójú, ìyẹn dá kún un.

Ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ bá wọn lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò tán, ìyá rẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, ó fi wọ́n sáàárín orúnkún, ó parí ìdajì tó kù lójú gbogbo èèyàn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Níbẹ̀ ni àwọn dókítà ti bu díẹ̀ nínú nǹkan náà lọ yẹ̀ wò. Èmi rò pé wọ́n máa rí èsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ẹni wọn pákó, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, ìdúró yẹn sì le ju iṣẹ́ lọ. Nígbà tí èsì náà dé, ìyá rẹ kò fi bò wá. Ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní ṣùgbọ́n ó ṣì kéré, kò tíì ràn ká, àsìkò tó dára ni wọ́n bá a. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti wà nílé, wọ́n ń lo oògùn, wọ́n ń padà lọ fi ara han dókítà, wọ́n sì ti ń bá àwọn oníbàárà èédú jà bíi ti tẹ́lẹ̀. Dókítà ní ká ní wọ́n dúró di ìgbà tí kókó náà fúnra rẹ̀ máa dùn wọ́n ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

Àwọn obìnrin ìlú ńlá ti gbọ́. Wọ́n ń ṣe àpéjọ ńlá kan lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí ìyá rẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kó máa kọ́ àwọn onídìrí ìlú mìíràn ní iṣẹ́ yìí, wọ́n sì máa sanwó fún un. Tẹ́lẹ̀, ìyàwó káfíńtà ni wọ́n ń pè é. Ní báyìí, tí mo bá ń lọ, ọkọ onídìrí ni wọ́n ń pè mí, mo sì ti máa ń dáhùn kí wọ́n tó pè é tán.

Nítorí náà, ọmọ mi, bá wa wá owó díẹ̀. Ti bàtà ìyá rẹ ni àkọ́kọ́, torí èyí tó ní ti la ẹnu, kò sì yẹ kí bàtà rẹ̀ máa sọ̀rọ̀ nígbà tí òun náà bá ń sọ̀rọ̀. Ti pákó bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni ìkejì, iṣẹ́ ọwọ́ mi ọ̀fẹ́ ni. Tí owó bá ti wọlé, bánkì máa ń kọ̀wé sórí fóònù mi, mo sì máa ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí àwọn ará ilé. Wọn ò tíì dáhùn rí. Jọ̀ọ́, yà lọ́dọ̀ wọn, kí o bi wọ́n bóyá mo ti ṣẹ̀ wọ́n.

Ara rẹ á le. Ohun tí ìyá rẹ fi ń níyì lójú èèyàn, ìwọ náà á ní in, á sì pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ọ̀nà rẹ á là, ilé rẹ á tù ọ́, a ò ní gbọ́ ìròyìn tí kò dára nípa rẹ, ìwọ náà ò ní gbọ́ tiwa.

Èmi ni bàbá rẹ, ọkọ onídìrí.

Mo ti fẹ́ pa á dé kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọlé. Wọ́n gbọ́ pé nígbàkígbà tí ìyá rẹ bá bi ọ́ bóyá o ti lọ yẹ ara rẹ wò, ìgbà yẹn gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ rẹ máa ń bàjẹ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí n má fá nǹkan kan kúrò lára rẹ̀: “Èmi àti ìyá rẹ jọ ń bọ̀ fún àpéjọ yẹn. Èmi ni mo máa mú ọ lọ sílé ìwòsàn. Tí o bá fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, ẹ̀rù ba èmi náà, mo sì lọ.”