Fíìmù Tí Àwọn Apẹja Ajido Já Wọ̀

Àgbádárìgì,
Oṣù Kẹjọ, 1994.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Tolú,

Mo kí yín o, mo kí ọkọ yín. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le bí tiwa níbí ṣe le.

Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. N kò ta Tolú tí ẹ fi sọ́dọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni ní Kùtọnu. Iṣu ló ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Òótọ́ ni pé mo so ó lọ́wọ́, mo sì gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n fíìmù là ń ṣe! Èmi ni gbọ́mọgbọ́mọ. Òun àti Zinsu, ọmọ aládùúgbò wa, ni mo jí gbé. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì, olùkọ́ kan tó ti Èkìtì wá, ló yá kámẹ́rà.

Ibi tí a ti ṣìṣe rèé. A gba àṣẹ lọ́wọ́ baálẹ̀ Gberefu, nítorí etí omi wọn la ti bẹ̀rẹ̀. A kò rántí àwọn ará Ajido tó ń dẹ àwọ̀n lórí ọ̀sà. Lọ́dọ̀ wọn, bí ọmọdé bá ké lórí omi, wọn á ju àwọ̀n sílẹ̀, wọn á wa ọkọ̀ lọ bá a. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ohun tó dé. Tolú sì mọ ẹkún sun! Kí n tó wa ọkọ̀ jìnnà, wọ́n ti yí mi ká. Bàbá kan tó ń jẹ́ Dosi fi àjẹ̀ gbá mi léjìká, mo já sómi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Ọkọ̀ wa fì, omi ń wọ inú rẹ̀, okùn ọwọ́ àwọn ọmọ sì le dan-in dan-in, torí èmi alágídí ni mo ní kámẹ́rà á rí i bí kò bá le. Mo lúwẹ̀ẹ́ padà sọ́dọ̀ wọn. Àwọn apẹja rò pé mo fẹ́ pa àwọn ọmọ náà ni, wọ́n tún gbé àjẹ̀ sókè. Zinsu pariwo ní èdè Ègùn pé fíìmù ni. Dosi ní, "Fíìmù wo? Èyí tómi ń wọnú ọkọ̀?" Ṣùgbọ́n ó ju ọ̀bẹ rẹ̀ sí mi. Mo gé okùn. Ọkọ̀ náà rì, ọmọ kankan kò bá a rì.

Ariwo ti pe àwọn sójà wá sétí omi. Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí: wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, pé ẹrú ni mo ń kó kọjá ibodè. Dosi tó lù mí ló kọ́kọ́ dúró tì mí. Ó ní, "Bí ẹ bá máa mú un, ẹ mú èmi náà, èmi ni mo fọ́ ọ léjìká." Àwọn apẹja tò tẹ̀ lé e, àwọn ìyàwó wọn fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ará Gberefu náà dé. Mo ń kà wọ́n, mo ń kà wọ́n, mo wá fi kíkà sílẹ̀. Ọ̀gá sójà wò wọ́n títí, ó ní kí n dìde.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn jù: ẹni tó di kámẹ́rà mú létí omi kò pa á! Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a wò ó ní Ajido, tí Dosi rí ara rẹ̀, ó fò sókè: "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, n kò gbá a dáadáa!"

Ibi tí ìyá ti rí ọmọ rẹ̀ padà nìkan ló kù. Mo gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ wá mú Tolú lọ ní Sátidé. Ọmọ yín ni, n kò ní gbé e pamọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ, fíìmù wa kú nìyẹn, orúkọ gbọ́mọgbọ́mọ á sì lẹ̀ mọ́ mi lára títí ayé.

Kí ilé yín tòrò. Kí omi má gbé ẹni tiwa. Ẹ ó jẹun ọmọ o.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í purọ́ fún yín,
Akíndé.

Àfikún: Tolú gba ìwé yìí kà. Ó ní obìnrin tó ń ṣe ìyá òun nínú fíìmù kò mọ ẹkún sun, ẹ̀yin lòun fẹ́ kó ṣe é. Ẹni tó jíṣẹ́ yín sì ní ẹ kò tíì dákẹ́ ẹkún. Ẹ dákun, ẹ tọ́jú díẹ̀ nínú ẹkún náà di Sátidé.