Àwòrán Tó O Ní Tìrẹ Nìkan Ni

Àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀. Owó oògùn tó o fi ránṣẹ́ dé, a dúpẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìkan ló ń ṣe bí ọmọ àkẹ́bàjẹ́.

Nígbà tó o wálé, tó o ya àwòrán Màmá lójú oorun, tí orí wọn ṣí sílẹ̀, tí wọ́n yanu, mo ní kó o pa àwòrán náà rẹ́. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi nìkan ni, kí n lè máa rí wọn láràárọ̀." Mo gbà ọ́ gbọ́.

Lánàá, nọ́ọ̀sì tó ń wá yẹ̀ wọ́n wò fi fóònù hàn wá. Àwòrán yẹn rèé níbi ìpàtẹ àwòrán rẹ, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ìwọ dúró tì í, ò ń rẹ́rìn-ín, ò ń sọ fún àwọn àlejò pé ibẹ̀ ni ìmísí iṣẹ́ rẹ ti wá. Ìmísí kẹ̀! Ìyá tí kì í ṣílẹ̀kùn fáwa ọmọ tó bí láìkọ́kọ́ bo orí!

Màmá ò dá ara wọn mọ̀. Wọ́n ní, "Ìyá ta nìyí? Ṣé kò bímọ tó lè bá a bo orí ni?"

Jọ̀ọ́, gbé àwòrán náà kúrò lára ògiri.

Kí Ọlọ́run jẹ́ káwọn ọmọ tìrẹ bò ọ́ láṣìírí lọ́jọ́ alẹ́ rẹ.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.