Káàdì Mi Lọ́wọ́ Ìyáálé Mi

Bọ̀dá olóòtú, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín. Ìyá mi pàápàá kò tíì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: mo lóyún oṣù mẹ́ta! Oṣù karùn-ún rèé tí a ṣègbéyàwó, inú mi ń dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ààrò.

Dókítà kan ṣoṣo ló kù lágbègbè wa, ogún aboyún péré ló ń gbà. Nílé ọkọ mi, ìyàwó tuntun kì í sọ oyún rẹ̀ kó tó hàn. Ni mo bá bẹ ìyáálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kó fi orúkọ tirẹ̀ bá mi gba káàdì tó fi àyè kan nínú ogún náà hàn, kó sì bá mi tọ́jú rẹ̀.

Lánàá tí mo fẹ́ kọ́kọ́ rí dókítà, mo bá ìyáálé mi níbẹ̀, káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ti lóyún!

"Ìyàwó, orúkọ ta ló wà lára káàdì?" Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Èmi tí mo fọ̀rọ̀ hàn án ṣáájú ìyá mi!

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jà fún àyè mi, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún ìyáálé? Kí dókítà lè mọ ẹni tó ni àyè náà, ó ní kí gbogbo wa, àwa, àwọn ọkọ wa àti ìyá wọn, dé ọ̀dọ̀ òun láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta.