Ọdún Kẹta Tí Ọmọ Wa Ti Ń Wá Ọ Láàárín Àwọn Ọmọlangidi

Ọkọ mi, ọdún mẹ́ta rèé tí ikú ti mú ọ lọ. Ọdún mẹ́ta! Mi ò mọ̀wé púpọ̀, o mọ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìsọ̀ rẹ kò tì. Àbúrò rẹ ló ń ṣí i, àga àti tábìlì ló ń kàn. A ti kan páànù sórí yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ wa ti pé ọdún mẹ́jọ, eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà, ó sì ń kàwé jù mí lọ. Inú rẹ ìbá dùn!

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ṣé o rántí àwọn ọmọlangidi tí o gbẹ́ fún un, tí wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ? Láàárọ̀, kó tó jí, o máa ń gbé wọn kiri. Ọ̀kan á wà lẹ́nu fèrèsé, ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sórí ìdérí ìgò bí ẹni tó ń mumi, ọ̀kan á sùn sínú páálí ìṣáná. Ọmọ á jí, á pariwo pé wọ́n tún ti rìn! Àwa méjèèjì á bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí o lọ, èmi ni mò ń gbé wọn. Mi ò fẹ́ kí ilé dákẹ́. Àṣìṣe mi rèé: lọ́jọ́ kan, mo gbé èyí tó dé fìlà bíi tìrẹ sẹ́nu ọ̀nà, mo fi pẹ́ńsùlù rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ wò ó, ó ní, "Màámi, bàbá mi ti dé! Wọ́n kàn kéré ni." Mi ò lè sọ pé rárá.

Láti ìgbà náà, kò gbà ká gbálẹ̀. "Ẹ rọra o, ẹ ó gbá bàbá mi dànù!" Ó ń bu oúnjẹ sọ́tọ̀ fún ọ, kékeré bí orí èékánná. Èmi náà ń wò ó, mo ṣì ń gbé ọmọlangidi kiri, mi ò mọ bí mo ṣe máa dáwọ́ dúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ ń wá ọ lábẹ́ mọ́tò. Mọ́tò tí awakọ̀ ti ṣáná sí! Aránbàtà tí ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ ilé wa ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, tó fà á jáde. "Ìyàwó káfíńtà, ṣé ọmọ yín ti di mẹkáníìkì ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì tú ẹsẹ̀ ọmọ sílẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó tì í. Mo gbé ọmọlangidi yẹn rìn níwájú rẹ̀. Mo ní ọmọ mi, ọwọ́ mi rèé, òun ló ń gbé wọn. Kó tó di tèmi, ti bàbá rẹ ni.

Kò sunkún. Ó yí ọwọ́ mi síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ta wá ni mo ti ń bá jẹun láti ọjọ́ yìí?"

Ọkọ mi, ó dìde, ó bọ́ sí yàrá kejì, ó tilẹ̀kùn!

Kò tíì jáde láti ìgbà náà. Mo gba ẹ̀mí rẹ̀ là, mo sì gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Má bínú sí mi. Ó wà láàyè. Àárò rẹ ń sọ wá o! Ó ń sọ èmi nínú yàrá yìí, ó ń sọ òun nínú yàrá kejì. A fẹ́ràn rẹ. A ò ní ṣíwọ́.