Búrẹ́dì Orí Àga Awakọ̀

Arábìnrin Shen, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí gbogbo ará Wuhan tó ń gbọ́ yín lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Takisí ni ọmọ mi ń wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí takisí tí kò ní awakọ̀ gba ìlú, kò rí èrò gbé mọ́, ló bá wáṣẹ́ lọ sí Shenzhen. Ọkọ̀ tó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ yìí náà lèmi àti Ruolan, ọmọ rẹ̀ kékeré, ń wọ̀ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Kí ni kí n ṣe? Ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Níjọ́ kan, ohùn ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ náà ní ká de bẹ́líìtì. Ruolan pariwo: "Màmá àgbà, bàbá mi nìyẹn! Wọ́n ń wà wá láti Shenzhen!"

Látìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń gbé ìdajì búrẹ́dì ẹlẹ́ran rẹ̀ sórí àga awakọ̀ tó ṣófo. "Bàbá, ẹ jẹun o."

Lánàá, ọmọ mi pè pé òun ò ní lè wálé ṣọdún yìí náà. Mo bú sẹ́kún. Ruolan ń nu ojú mi: "Ẹ dákẹ́, Màmá àgbà. Ṣebí bàbá wà pẹ̀lú wa. Tá a bá ti wọkọ̀ láàárọ̀, ẹ máa ń rí i pé wọ́n ti jẹ búrẹ́dì àná tán."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹnu wo ni kí n fi sọ fún un pé kì í ṣe ọkọ̀ àná ló ń gbé wa lónìí?