Báàgì Kan fún Ẹnì Kan

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Ara mi le. Yàrá tí mo gbà kò wọ́n, àwa mẹ́fà la sì wà níbẹ̀, nítorí náà n kò lè sọ pé n kò rí èèyàn.

Òfin ilé ni pé báàgì kan ni ti ẹnì kan, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tí mo gbé méjì dé, mo kúnlẹ̀ fún obìnrin tó ni ilé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ìdọ̀tí. "Ṣé èmi ni mo bí ọ? Dìde, o dí ọ̀nà. Tí mo bá rí báàgì kejì lọ́jọ́ Ẹtì, ìwọ àti òun lẹ jọ máa lọ."

N kò mọ ẹni tí mo lè gbé e fún. Ni mo bá ká báàgì kejì sínú àkọ́kọ́, mo wọ gbogbo aṣọ inú rẹ̀: búláòsì mẹ́ta, àti ìró méjèèjì tí ẹ fún mi, lábẹ́ kóòtù. Báyìí ni mo ṣe ń lọ sí kíláàsì. Ọ̀kan nínú àwọn ará yàrá wa ní, "Ẹ yà o, ẹrù ń kọjá!" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin yẹn bẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi wò, ó pòṣé, ó lọ. Ó dùn ún dé eegun, inú mi sì dùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi búláńkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣèlérí yẹn ránṣẹ́. Kò sáyè lára mi mọ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Àbúrò mi lè máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi nílé, ṣùgbọ́n kó má tíì kó nǹkan rẹ̀ síbẹ̀.

Èmi ọmọ yín.